Èéfín Ọ̀bọ̀kún ní Ajamimogha

Ní Ugbuwangue létí omi, níbi tí mo gbé fún ogójì ọdún, kò sẹ́ni tó lè yan ẹja ní bòókẹ́lẹ́. Bí èéfín bá ti gòkè báyìí, wàá gbọ́: "Ìyá Akin, kí ló ń ta sánsán báyìí?" Kó o tó dáhùn, ẹni mẹ́ta ti jókòó, ọ̀kan nínú wọn ti fa ìrù ẹja já. O ò ní bínú. Ẹni tí èéfín bá ta lójú ló ni ìrù.

Nígbà tí orúnkún mi kò gbọ́ ti afárá onípákó mọ́, ọmọ mi Akínsànmí kó mi wá sí ilé rẹ̀ ní Ajamimogha nínú ìgboro, òun sì padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀ l'Ábújá. Ilé náà dára. Ṣùgbọ́n ògiri rẹ̀ ga débi pé adìẹ aládùúgbò kò lè ṣèèṣì yà sọ́dọ̀ mi. Oṣù méje nìyí, ọkọ̀ onígíláàsì dúdú nìkan ni mò ń kí. Lọ́jọ́ kan mo juwọ́ sí ọ̀kan títí ìró mi fi tú bọ́ sílẹ̀. Ìdí arúgbó wà ní gbangba, kò sẹ́ni tó wò ó! Mo rẹ́rìn-ín títí mo fẹ́rẹ̀ẹ́ tọ̀ sára.

Ní Sátidé tó kọjá, mo pinnu pé ẹnìkan gbọ́dọ̀ gba géètì yẹn wọlé, ì báà jẹ́ ìjà ló bá wá. Mo ní kí wọ́n fi ẹja ọ̀bọ̀kún mẹ́fà ránṣẹ́ sí mi láti Ugbuwangue. Mo dáná sínú àgbá, mo ki igi tútù bọ̀ ọ́ kí èéfín lè pọ̀. Èéfín gun ògiri bí olè. Mo ṣí géètì sílẹ̀ gbayawu, mo gbé àpótí ìjókòó méjì síbẹ̀, mo fi ìrù tó tóbi jù sínú abọ́. Mo tilẹ̀ ti ń to èébú tí n óò fi fèsì.

Fèrèsé ilé kejì tì gbàgà! Inú mi dùn. Ẹni tó tì í ń bọ̀ wá bú mi.

Fóònù ló dún. Akínsànmí ni.

"Màmá, abeg, kí lẹ ń sun?"

"Ẹja ni. Ta ló sọ fún ọ l'Ábújá?"

"Àwọn ará àdúgbò ti kọ ọ́ sórí WhatsApp tí gbogbo àwa onílé wà. Madam Rosemary ilé kejì ní, 'Who dey roast masquerade for dat compound?'"

Ẹ̀rín pa mí. Egúngún ni mò ń sun! Ẹni tó lẹ́nu báyìí ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi láti oṣù méje!

"Sọ fún un kó wá bú mi níbí. Ìrù rẹ̀ wà nílẹ̀."

"Màmá, wọn kì í ṣe bẹ́ẹ̀ níbẹ̀ yẹn. Mo ti bá yín bẹ̀ ẹ́. Ó ti tán. Ẹ ṣáà pa iná."

Ó ti tán. Wọ́n bá mi jà, wọ́n parí ìjà, mi ò sí níbẹ̀.

Mo pa iná. Mo jókòó títí oòrùn fi kúrò lórí àpótí kejì. Nígbà tó yá, èmi ọ̀kánjúwà gbé ìrù náà jẹ fúnra mi, eegun bá há mi lọ́nà ọ̀fun. Mo wúkọ́ títí omi fi dà lójú mi. Ní Ugbuwangue, ikọ́ kan ṣoṣo, ogún èèyàn ni yóò kí ọ.

"Pẹ̀lẹ́, Ìyá Akin," ni mo wí.

Kò kúkú dáa kí wọ́n kí èèyàn kó má dáhùn.

"Ẹ ṣeun o," mo dá ara mi lóhùn, mo sì gbé àpótí méjèèjì wọlé.