Ibi Tí Ikọ́ Àkíbù Kò Lè Dé

Kí a má purọ́ mọ́ ọn, Àkíbù alágbẹ̀dẹ kì í ṣe ènìyàn burúkú. Àléébù rẹ̀ kò ju pé ó fẹ́ràn ọmọ rẹ̀ débi pé kò fẹ́ kí atẹ́gùn fẹ́ sí i lára. Bẹ́yẹrúnkà ni ilé rẹ̀ wà, ní àsìkò tí òyìnbó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń la ọ̀nà ọkọ̀ káàkiri Ìbàdàn, tí tọmọdé tàgbà ṣì ń sáré jáde wò ó bí lọ́rì bá ń gun òkè Mápó. Ọmọkùnrin méjì ni Ọlọ́run fún un. Èyí àkọ́bí, Màmúdù, jí lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, ó wọ ọkọ̀ ojú irin, ó sì lọ láì dágbére. Láti ìgbà náà, wọn kò gbọ́ pé ó kú, wọn kò gbọ́ pé ó yè. Síbẹ̀, Bàbá Màmúdù ni gbogbo àdúgbò ṣì ń pe Àkíbù, nítorí orúkọ àkọ́bí kì í kúrò lára baba. Bí wọ́n bá pè é bẹ́ẹ̀, á dáhùn, ṣùgbọ́n ó ń dùn ún.

Ó wá ku Sàídì. Sàídì ti di géńdé, ó ti ka ìwé díẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn onígbàgbọ́, ó sì ń bá baba rẹ̀ lu irin lágbẹ̀dẹ. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ ni ọkàn rẹ̀ wà. Bí lọ́rì kan bá takú sójú ọ̀nà, ibẹ̀ ni ẹ ó ti bá a, tí yóò dojú bolẹ̀, tí yóò máa wo abẹ́ rẹ̀ títí oúnjẹ ọ̀sán rẹ̀ yóò fi tutù nílé. Nígbà tí ó sọ pé iṣẹ́ ọkọ̀ ni òun fẹ́ kọ́, Àkíbù kò bínú. Irin náà ni ọkọ̀, irin kì í sì í ṣe àjèjì nílé alágbẹ̀dẹ. Ibi tí yóò ti kọ́ ọ ni ọ̀rọ̀ di ìjà.

Ọ̀nà méjì ló wà. Èkíní ni Èkó, níbi tí ìjọba ti ní ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ. Wọ́n á máa ka ìwé ẹ̀rọ láàárọ̀, wọ́n á máa fi ọwọ́ ṣe é lọ́sàn-án, ẹni tó bá sì yege níbẹ̀ á lè tú ọkọ̀ palẹ̀, á sì lè sọ ìdí tí irin kọ̀ọ̀kan fi wà níbi tó wà. Tíṣà Sàídì ti bá a fi orúkọ ránṣẹ́, wọ́n sì ti gbà á. Bí wọ́n bá ti túnu ààwẹ̀ ni ẹ̀kọ́ yóò bẹ̀rẹ̀. Èkejì ni ìsọ̀ Japheth Ọládipọ̀ ní Ògùnpa. Ọmọ ìjọ Áńgílíkà ni Japheth, ọwọ́ òyìnbó oníṣòwò kan ló ti kọ́ṣẹ́, kò sì sí lọ́rì tó takú ní Ìbàdàn tí wọn kì í wọ́ lọ bá a. Ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ a máa sọ pé òun mọ bí a ti í ṣe é, òun kò mọ ìdí tí a fi ń ṣe é bẹ́ẹ̀.

"Èkó kẹ̀?" ni Àkíbù wí fún ìyàwó rẹ̀. "Ṣé èyí tó lọ kò tó ni?"

"Bàbá Màmúdù, ọmọ kan kì í ṣe èkejì," ni Ràbíátù dá a lóhùn.

"Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ ojú irin kan náà ni wọ́n máa wọ̀."

Ní ọjọ́ kejì, Àkíbù mú ọmọ rẹ̀ lọ sí Ògùnpa, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó fi lé ọwọ́ Japheth, ó sì sọ ohun tí gbogbo baba ń sọ bí wọ́n bá mú ọmọ lọ sẹ́nu iṣẹ́. Ó ní, "Japheth, mo fà á lé ọ lọ́wọ́. Látòní lọ, ọmọ rẹ ni. Bó o bá ní kó jókòó, kó jókòó. Bó o bá ní kó dìde, kó dìde. N kò ní í yẹ̀ ọ́ lọ́wọ́ wò." Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán nílẹ̀ wa. Bí a bá ti fa ọmọ lé ọ̀gá lọ́wọ́, àṣẹ ọ̀gá ló kù, baba ti di àlejò. Inú Sàídì bàjẹ́ lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n ó dọ̀bálẹ̀ fún ọ̀gá tuntun, ó bọ́ bùbá, ó sì wọ abẹ́ ọkọ̀ lọ.

Ohun kan wà tí ẹni tí kò bá wọlé wọn kò ní í mọ̀. Ọlọ́wọ́ òsì ni Ọlọ́run dá Sàídì. Láti ìgbà tó ti ń rá kòrò ni ọwọ́ òsì ti ń ṣíwájú ọ̀tún. Wọ́n sì ní a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni, áńbọ̀sì ká fi na nǹkan sí àgbà, áńbọ̀sì nílé ìmàle tí wọ́n ti ń fi òsì ṣe ìmọ́tótó nìkan. Àwọn baba mìíràn á na irú ọmọ bẹ́ẹ̀, àwọn mìíràn á di ọwọ́ náà mọ́ ọn lẹ́yìn. Àkíbù kì í na ọmọ. Ó ń wúkọ́ ni. Bí ọwọ́ òsì bá ti yọ, á wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan, ọmọ á fà á padà, á fi ọ̀tún rọ́pò. Nígbà tó yá, ikọ́ náà ti wọ Sàídì lára débi pé ọwọ́ rẹ̀ á ti gbọ́ kí òun fúnra rẹ̀ tó gbọ́.

Baba tó ní òun kò ní í yẹ ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ wò kò lè jókòó sílé. Bí wọ́n bá ti kírun Jímọ̀ tán ní mọ́ṣáláṣí Ọjà'ba, dípò kó yà sí Bẹ́yẹrúnkà, Ògùnpa ló ń gbà lọ. Á jókòó lórí àpótí kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìsọ̀, á ní òun kàn ń kọjá ni.

"Bàbá, ṣé ọ̀nà ilé yín ti gba ibí báyìí?" ni Japheth máa ń bi í.

Àkíbù á rẹ́rìn-ín, kò sì ní í dìde.

Ní ọ̀kan nínú àwọn Jímọ̀ bẹ́ẹ̀, nínú oṣù ààwẹ̀, wọ́n wọ́ lọ́rì kan tó ń kó kòkó wá. Japheth àti Sàídì na gbalaja sí abẹ́ rẹ̀ lórí ẹní, Àkíbù sì ń wò wọ́n láti orí àpótí rẹ̀. Irin ńlá kan tó wà níkùn ọkọ̀ ni wọ́n ń dá padà sáyè rẹ̀. Sàídì fi ọwọ́ ọ̀tún di igi tí wọ́n fi gbé irin náà ró mú, Japheth sì ti ki ọwọ́ kan bọ àárín irin méjì láti de nọ́ọ̀tì. Ó na ọwọ́ kejì, ó ní, "Sípánà." Ẹ̀gbẹ́ òsì Sàídì ni sípánà wà. Ọwọ́ òsì gbé e, ó sì ń mú un bọ̀ lọ́dọ̀ ọ̀gá.

Àkíbù wúkọ́.

Kò gbèrò rẹ̀. Ojú rẹ̀ rí ọwọ́ òsì tí ń na nǹkan sí àgbà, ọ̀fun rẹ̀ sì ṣe ohun tó ti ń ṣe láti ọjọ́ pípẹ́. Kí Sàídì tó ronú, òsì ti padà sílé, ọ̀tún ti fi igi sílẹ̀ láti wá gba sípánà. Igi yẹ̀, irin já, ó sì há ọwọ́ Japheth mọ́lẹ̀. Igbe tó ké, àwọn tó wà lódìkejì odò Ògùnpa gbọ́ ọ.

Wọ́n gbé e lọ sílé ìwòsàn. Ìka méjì ló ṣẹ́ lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀, dókítà sì ní yóò pẹ́ kó tó tún lè di sípánà mú dáadáa. Kó tó di ọjọ́ kejì, ọ̀rọ̀ ti gba ìgboro kan. Àwọn dírẹ́bà ní Sàídì mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni. Wọ́n ní ta ni kò mọ̀ pé Èkó ló fẹ́ lọ, ó fẹ́ kí ọ̀gá lé òun kó lè ráyè ni. Sàídì gbọ́ gbogbo rẹ̀, kò sì gbèjà ara rẹ̀. Ó jókòó sẹ́yìnkùlé, ó ń wo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì. Nígbà tí ìyá rẹ̀ bi í pé kí ló ṣẹlẹ̀, ó ní igi ló yẹ̀.

Àkíbù mọ ìdí tí ọmọ náà fi pa ẹnu mọ́. Bí ó bá la ẹnu, orúkọ baba rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ jáde. Ojú ti Àkíbù débi pé kò lè bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Kò tíì sí ìgbà kan tí ó fẹ́ràn rẹ̀ tó báyìí, ìfẹ́ náà sì ń tì í lójú. Bí ilẹ̀ ti mọ́ báyìí, ó wọ agbádá rẹ̀, ó ní kí Sàídì máa tẹ̀ lé òun, wọ́n sì forí lé Ògùnpa.

Wọ́n bá Japheth níwájú ìsọ̀ rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ wà nínú aṣọ funfun, àwọn dírẹ́bà sì yí i ká. Àkíbù kò kí ẹnikẹ́ni. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú ekuru, níwájú ọkùnrin tó lè bí. Àwọn dírẹ́bà dìde dúró. Irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kì í dára lójú.

"Bàbá, ẹ dìde, ẹ jọ̀ọ́," ni Japheth wí.

"N kò ní í dìde títí n ó fi sọ ọ́," ni Àkíbù wí. Títí di ọjọ́ náà, "ìwọ" ló ń pe Japheth. Ṣùgbọ́n lórí ìdọ̀bálẹ̀ náà, "ẹ̀yin" ló pè é. "Ẹ̀yin ọ̀gá, ọmọ yìí ò mọ̀ọ́mọ̀. Èmi ni mo wúkọ́. Ọwọ́ òsì ló fẹ́ fi fún yín ní sípánà, mo wúkọ́ sí i, bí mo ṣe ń ṣe láti kékeré ẹ̀. Èmi ni mo ṣẹ́ yín níka. Ẹ má lé e. Ọmọ yín ni, ohun tó bá wù yín ni kẹ́ ẹ fi ṣe."

Japheth fi ọwọ́ kejì gbé Àkíbù dìde.

"Mo gbọ́ ikọ́ yẹn," ó ní. "Mo ní ekuru ni. Bàbá, bó bá jẹ́ pé bàbá tèmi ló wúkọ́ sí mi, èmi náà ì bá ju igi sílẹ̀. Ṣùgbọ́n lábẹ́ ọkọ̀, ọwọ́ tó bá sún mọ́ nǹkan náà ló ń ṣe é."

"N kò ní í wá síbí mọ́."

"Ẹ máa wá. Ẹ ò lè ṣe é kẹ́ ẹ má wá. Bẹ́ ẹ ò bá tiẹ̀ wá, yóò ṣì máa retí ikọ́ yín. Ní gbogbo Ìbàdàn yìí, ta ló fẹ́ sọ ibi tí ikọ́ yín kò lè dé fún mi?"

Àwọn dírẹ́bà rẹ́rìn-ín. Àkíbù náà fẹ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó rí ojú Japheth, ó sì rí i pé kì í ṣe àwàdà mọ́.

"Ẹ ti fà á lé mi lọ́wọ́, àbí ẹ ò tíì fà á?"

"Mo ti fà á."

"Ọmọ mi ni?"

"Ọmọ yín ni," ni Àkíbù wí. Ara rẹ̀ ti fu, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti kúrò lẹ́nu.

Japheth yíjú sí Sàídì. "Ṣé o gbọ́? Bí ẹ bá ti túnu ààwẹ̀, Èkó lò ń lọ. Èmi ni mo rán ọ. Lọ kọ́ ìdí ọkọ̀, èyí tí èmi ò mọ̀. Bó o bá ti mọ̀ ọ́n tán, ìsọ̀ yìí ni kó o padà sí, kó o wá jíṣẹ́ fún mi. Ìka méjì ni mo fi rán ọ, má jẹ̀ẹ́ kó ṣòfò."

Ẹni tó rán ni níṣẹ́ là ń bẹ̀rù, a kì í bẹ̀rù ẹni tí a rán ni sí. Sàídì dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Ẹ ṣé, ọ̀gá." Lẹ́yìn náà ló gbé ojú sókè wo baba rẹ̀. Ayọ̀ ń bẹ lójú rẹ̀, ìbẹ̀rù náà sì ń bẹ níbẹ̀, ó ń dúró de ohun tí baba yóò ṣe.

Ikọ́ gun Àkíbù lọ́fun. Ó wá gírígírí, ó fẹ́ jáde. Àkíbù pa ẹnu dé, ó sì gbé e mì. Omi lé sí i lójú, ó sì fi etí agbádá nù ún.

Ojú ọ̀nà Bẹẹrẹ ni wọ́n gbà padà sílé, Sàídì sì ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn. Ibẹ̀ ni Àkíbù ti rántí ohun tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni rí, títí kan Ràbíátù. Kí Màmúdù tó lọ, ó ti wá bá òun lágbẹ̀dẹ, ó ní, "Bàbá, iṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin wù mí, mo fẹ́ kẹ́ ẹ jẹ́ kí n lọ." Àkíbù kò ní kó máa lọ, kò ní kó má lọ. Ó kàn wúkọ́ ni, ó sì ń fẹ́ iná rẹ̀ lọ. Ọmọ náà dúró díẹ̀, ó sì kúrò níbẹ̀. Gbogbo ọdún wọ̀nyí ni Àkíbù ti ń sọ pé Màmúdù lọ láì dágbére. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé ọmọ náà wá dágbére, òun baba ni kò dá a lóhùn.

Ọjọ́ tí Sàídì ń lọ, gbogbo wọn sìn ín dé ìdíkọ̀ rélùwéè. Ràbíátù gbé ẹrù rẹ̀ wọlé, ó gbàdúrà fún un, ó sì ń sunkún. Àkíbù dúró sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ọkọ̀, kò mọ ibi tí yóò kó ọwọ́ sí. Nígbà tí wọ́n fọn fèrè, ó sún mọ́ fèrèsé.

"Sàídì."

"Bàbá."

"Ọ̀gá rẹ rán ọ, èmi náà rán ọ. Jíṣẹ́ wa dáadáa." Ó di etí fèrèsé mú. "Bó o bá pàdé ẹ̀gbọ́n rẹ níbikíbi, sọ fún un pé èmi ni mo rán an lọ nígbà yẹn. Sọ fún un pé mo ní kó wá jíṣẹ́."

Ọkọ̀ ti ń rìn. Sàídì yọ orí jáde, ó ní òun ti gbọ́, òun yóò sọ fún un.