Kíka Èémí Àrìnkẹ́

Ní gbogbo àgbègbè Ìkọ̀lé, bí ẹnì kan bá ní ká wá ka èémí, kò sẹ́ni tí yóò bèèrè pé èémí ta ni. Èémí Àrìnkẹ́ ni.

Ó ti lé ní ogójì ọdún tí òun àti Ẹgbẹ́ Àrá ti ń kọ orin rọ́ọ̀kì káàkiri: gìtá oníná méjì, ìlù ńlá, àti ohùn obìnrin kan tó ń dún bí agogo ilé ìwé. Lọ́dọọdún, bí Kérésì bá ti kọjá, wọn a rọ́ sínú bọ́ọ̀sì, ó di Ìtapàjí, ó di Òmù, ó di Odò-Orò, ó di Ọ̀yẹ́, ó di Ìdó. Bí wọ́n bá dé orí orin tó kẹ́yìn, Àrìnkẹ́ a gbé igbe kan sókè, kò sì ní sọ ọ́ kalẹ̀. Samson onílù a máa fẹsẹ̀ lu ìlù ńlá, gbìì, gbìì, bí ìlù bá ti dún lẹ́ẹ̀kan, èrò a ka ọ̀kan: ení, èjì, ẹ̀ta. Ibi tí èémí bá tán sí ni kíkà ń dúró sí. Kò já wá sábẹ́ ogún rí. Lọ́dún kan ní Ọ̀yẹ́, ó dé èjìlélógún, ni ọkùnrin kan bá ju fìlà rẹ̀ sókè, fìlà kọ́ sórí igi, wọn ò rí i mú sọ̀ kalẹ̀ títí dòní.

Àfi ìgbà tí kòrónà dé. Ó pa Ọládèjì tó ń ta gìtá olóhùn ìsàlẹ̀. Ẹni tí ìlú márùn-ún ń jó sí orin rẹ̀, èèyàn mẹ́wàá péré ni wọ́n gbà láàyè níbi ìsìnkú rẹ̀. Àìsàn náà gbé Àrìnkẹ́ pàápàá dè mọ́ bẹ́ẹ̀dì fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Obìnrin náà dìde o, ṣùgbọ́n èémí tó bá a dìde kì í ṣe èyí tó bá a dùbúlẹ̀.

Ọdún méjì gbáko ni Ẹgbẹ́ Àrá kò jáde. Nígbà tó di ọdún kẹta, Láyí, olórí ẹgbẹ́, wá bá a nílé.

“Àrìnkẹ́, Ìtapàjí ń pè wá. Àwọn ìlú yòókù ní àwọn ń wo bí yóò ṣe rí níbẹ̀ ná. Títílọpẹ́ ọmọ Ọládèjì ti mọ gbogbo orin bàbá rẹ̀ lórí gìtá. Ìwọ ló kù.”

“Bí èémí mi ò bá dé ogún ńkọ́?”

“Ta ló ń sọ̀rọ̀ ogún?”

“Gbogbo ayé ló ń sọ̀rọ̀ ogún! Gbọ́ mi dáadáa, Láyí. Bí n kò bá dé ogún ní Ìtapàjí, ibẹ̀ ni n ó fi máìkì sí. Kí ẹ má wá mi ní Òmù.”

Láyí mọ ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀. Ọ̀gá ilé ìwé ni Àrìnkẹ́ kó tó fẹ̀yìn tì. Bó bá ti sọ̀rọ̀, ó ti sọ ọ́ nìyẹn. Bó bá sì fi máìkì sílẹ̀, kò sí ohun tó ń jẹ́ Ẹgbẹ́ Àrá mọ́.

Ní ìdájí ọjọ́ kejì, Àrìnkẹ́ lọ sẹ́yìn ilé, sáàárín ẹ̀gẹ́ tó gbìn, ó gbé igbe náà, ó sì ń wo aago ọwọ́ rẹ̀, ìṣẹ́jú àáyá kan fún ìlù kan. Ẹ̀jọ. Ó sinmi, ó tún un ṣe. Ẹ̀jọ náà ni. Omijé bọ́ lójú rẹ̀, inú sì bí i sí omijé ọ̀hún.

Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n péjọ sí gáréèjì Láyí láti dán orin wò, ìyanu ṣẹlẹ̀. Samson ń lu ìlù, Títílọpẹ́ ń fi ìka kà, àfi bó ṣe di ogún géérégé! Àrìnkẹ́ fò sókè bí ẹni ọdún mẹ́rìndínlógún. Ó pe Bọ́lánlé ọmọ rẹ̀ ní Ìbàdàn pé ara òun ti yá. Nígbà tó di ọjọ́ Ìsinmi, ó dìde ní ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà tí òun àti Samson jọ ń lọ, ó jẹ́rìí: “Ẹ bá mi yin Olúwa, ó ti dá èémí mi padà fún mi!” Ìjọ ké halelúyà, ilé fẹ́rẹ̀ẹ́ wó. Samson, tó jẹ́ bàbá ìjọ, dorí kodò, ó ń wá ojú ewé nínú ìwé orin nígbà tí ẹnikẹ́ni kò tíì pe orin.

Bí wọ́n ṣe dé Ìtapàjí nìyẹn, lẹ́yìn Kérésì, pẹ̀lú ìdánilójú. Pápá ilé ìwé kún dẹ́nu. Àwọn tó ti oko dé wà níbẹ̀, àwọn tó ti Èkó dé wà níbẹ̀, àwọn ọmọ tó ti òkè òkun wá sọdún náà gbé fóònù sókè. Bàbá arúgbó kan gbé àga tirẹ̀ wá, ó gbé e sí iwájú pátápátá, kò sì gbà kí ẹnikẹ́ni sún un. Ọkàn Àrìnkẹ́ balẹ̀. Láti ọ̀sán ni wọ́n ti ń kọrin, gìtá ń ké, Títílọpẹ́ ń ta ti bàbá rẹ̀ bí ẹni pé wọ́n bí i mọ́ ọn, oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rọ̀ ni wọ́n dé orí orin tó kẹ́yìn.

Àrìnkẹ́ gbé igbe náà.

“Ení! Èjì! Ẹ̀ta!”

Ó dùn. Ó dùn dé ibi tó dé. Ṣùgbọ́n nígbà tó di ẹ̀wá, ahọ́n èrò bẹ̀rẹ̀ sí í kọsẹ̀. Ọ̀kànlá àti èjìlá wọnú ara wọn. Ẹ̀rìndínlógún kò tíì kúrò lẹ́nu tí ìlù ti dún lẹ́ẹ̀mejì mìíràn. Bàbá orí àga bínú, ó na ọ̀pá sókè.

“Onílù, rọra o! Ṣé ulé ló ń jó ni? Ẹnu wa ò lè bá a!”

Èrò bú sẹ́rìn-ín. Àrìnkẹ́ kò rẹ́rìn-ín. Ọdún márùndínlógójì ló fi kọ́ ọmọdé ní ení, èjì. Kò sẹ́ni tó lè tàn án lórí bí èèyàn ṣe ń kà. Ó sọ igbe náà kalẹ̀, ó yíjú sẹ́yìn, máìkì ṣì wà lẹ́nu rẹ̀.

“Samson.”

“Àrìnkẹ́.”

“Mélòó ni tèmi gan-an?”

Samson họ orí. “Ẹ̀jọ ni. Ní ìdájí ọjọ́ tí mo gbé iṣu wá fún ọ, mo gbọ́ ọ láàárín ẹ̀gẹ́, mo sì gbọ́ bí o ṣe ń sunkún. Mi ò lè wọlé mọ́. Mo fi iṣu sẹ́nu ọ̀nà, mo bá tèmi lọ. Láti ìgbà náà ni mo ti ń mú ìlù yá. Ọládèjì ti lọ. Bí ìwọ náà bá fi máìkì sílẹ̀, ta ni n ó máa lu ìlù fún?”

“Ìyẹn lo fi jókòó ní ṣọ́ọ̀ṣì, tí o jẹ́ kí n máa jẹ́rìí? Àgbàyà!”

Ojú ti Àrìnkẹ́ wọ egungun. Ibi tó ní òun yóò fi máìkì sí rèé. Ọwọ́ rẹ̀ tiẹ̀ ti ń lọ sílẹ̀. Nígbà náà ló rí Títílọpẹ́, tó gbá gìtá bàbá rẹ̀ mọ́ra, tó ń wò ó bí ọmọ tó ń dúró kí wọ́n sọ bóyá òun yege. Ó gbé máìkì padà sókè.

“Ẹ̀yin ará Ìtapàjí, ẹ gbọ́. Kòrónà ti bù nínú èémí mi, ẹ̀jọ ló kù. Ṣùgbọ́n ẹ̀jọ yìí, èmi ni mo ni ín, n kò yá a lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹ kà á fún mi bó ṣe yẹ ká kà á. Samson, lu ìlù rẹ bí ọmọlúàbí.”

Ìlù dún, ó rọra. Ení. Èjì. Ẹ̀ta. Àrìnkẹ́ di igbe náà mú, ó dé èje, ó dé ẹ̀jọ, èémí tán. Ó fa òmíràn sínú, ó hàn ketekete nínú máìkì, gbogbo pápá ló gbọ́ ọ.

“Ó mí o!” obìnrin kan ké láti ẹ̀yìn. “Ó ti mí!”

Bàbá orí àga yíjú sí i. “Ṣé òkú lo fẹ́ kó kọrin fún ọ ni? Ẹni tó wà láyé ló ń mí!”

Ló bá gbé igbe náà fúnra rẹ̀, ohùn rẹ̀ ń ya. Àwọn tó wà nítòsí rẹ̀ bá a gbé e, ó ràn dé ẹ̀yìn pápá, àwọn ọmọdé ń kà lọ: ẹ̀sán, ẹ̀wá, ọ̀kànlá. Samson kò dúró. Nígbà tí èémí Àrìnkẹ́ padà wálé, ó gbà á lẹ́nu wọn. Nígbà tó tún tán, wọ́n gbà á lẹ́nu tirẹ̀. Omijé ń bọ́ lójú rẹ̀, kò sì bínú sí i. Wọ́n kọjá ogún. Wọ́n kọjá èjìlélógún ti Ọ̀yẹ́. Ní ẹ̀tàlélógún, Samson fi igi ìlù sílẹ̀, ó nu ojú rẹ̀ nù.

Bí wọ́n ṣe ń palẹ̀ ẹrù mọ́, Láyí rọra sún mọ́ ọn. “Kí ni kí n sọ fún àwọn ará Òmù?”

“Sọ fún wọn pé a ń bọ̀ ní Sátidé, kí wọ́n mú ohùn dání. Odò-Orò náà, Ọ̀yẹ́ náà, Ìdó náà.” Ó yíjú sí Samson, tó ń fi ẹ̀yìn ìlù bojú. “Ìwọ, tó bá di ọjọ́ Ìsinmi, o máa bá mi dìde níwájú ìjọ. A fẹ́ tún ẹ̀rí yẹn jẹ́.”

“Kí ni n ó sọ?”

“O máa sọ pé o purọ́. Èmi á wá sọ tèmi.”

“Kí ni tìrẹ, Àrìnkẹ́?”

“Pé mo ṣì ń mí,” ó ní, ó sì di ẹ̀gbẹ́ kan ìlù náà mú, kí wọ́n lè jọ gbé e wọ bọ́ọ̀sì.