Rímù Íǹṣì Mẹ́wàá

Tí Alàájì Muhydeen bá ń sọ̀rọ̀ nípa bíréèkì, ẹ ó rò pé òun ló kọ́ àwọn Òyìnbó bí mọ́tọ̀ ṣe ń dúró. Ọ̀gá mẹkáníìkì ni ní Bẹyẹrúnkà. Pátákó gàgàrà kan wà níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ tí wọ́n ya òun fúnra rẹ̀ sí, fìlà lórí, sípánà lọ́wọ́. Pátákó yẹn ló tàn mí. Mo ti gbà pé ẹni tó bá lè ní kí wọ́n ya ojú òun sẹ́bàá títì yóò kúkú mọ nǹkan kan.

Kúbúrá lorúkọ mi. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò kí n tó fẹ̀yìn tì. Bàbá mi fi Mini kan sílẹ̀ fún mi, mọ́tọ̀ kékeré tó dàgbà jù mí lọ, tí rímù rẹ̀ ò ju íǹṣì mẹ́wàá, bí ìdérí ìkòkò. Bíréèkì dírọ́ọ̀mù àtijọ́ ló wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Lọ́jọ́ kan, mo ń sọ̀kalẹ̀ láti Mápó bọ̀ ní Bẹ́ẹ́rẹ́, mo tẹ bíréèkì, mọ́tọ̀ ò dá mi lóhùn. Mo fi gbogbo ara tẹ̀ ẹ́. Ó ku díẹ̀ báyìí kí n gbá ọkùnrin kan tó ń ti ọmọlanke àlùbọ́sà. Kò bú mi o, ó kàn wò mí, ó mi orí. Orí tó mì yẹn dùn mí ju èébú lọ.

Mo pinnu pé màá yọ dírọ́ọ̀mù iwájú, màá fi díìsìkì, irin pẹlẹbẹ tó ń yí nínú rímù, sí i. Ṣùgbọ́n mi ò ní pààrọ̀ rímù. Tí wọ́n bá fi rímù ńlá sí i, wọ́n á ní láti gé ara mọ́tọ̀, mi ò sì ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ayùn kan mọ́tọ̀ bàbá mi.

Kí n tó lọ bá Muhydeen, mo wọn inú rímù, mo gé páálí roboto kan tó wọ inú rẹ̀ gẹ́lẹ́, mo gbé e lọ fún un.

"Alàájì, ohunkóhun tí ẹ bá rà, tó bá ti tóbi ju páálí yìí lọ, rímù ò ní wọlé."

Ó gba páálí, ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi fẹ́ ara rẹ̀ bí abẹ̀bẹ̀.

"Tíṣà, àwọn ọmọ jẹ́léósinmi lẹ máa gé páálí fún. Ojú lèmi fi ń wọn mọ́tọ̀. Ọdún kejìlélógójì rèé."

Gàfárù, tó ń ta epo ẹ́ńjìnnì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, rẹ́rìn-ín títí ó fi ń húkọ́. Èmi wo ojú tí wọ́n ń yìn. Ọ̀kan pọ́n, èkejì ń ṣomi, ó sì ní láti pa ọ̀kan dé kó tó lè ka nọ́ńbà lórí fóònù.

Ó lọ ra díìsìkì, òun àti kálípà, irin tó ń há díìsìkì mọ́ kí mọ́tọ̀ tó dúró. Ara mọ́tọ̀ kan tó tó Mini méjì ni wọ́n ti tú wọn. Lọ́jọ́ kẹta, ó ránṣẹ́ pè mí kí n wá wo iṣẹ́ ọwọ́ ọ̀gá. Wọ́n gbé rímù, ó di kí wọ́n fi sí i, kò wọlé. Muhydeen tì í. Ó fi ìkúùkù gbá a. Ó ní kí Gàfárù wá bá òun tì í. Àgbà méjì ń laagùn, wọ́n ń ti rímù bí ẹni ń ti màlúù wọ yàrá. Irin ń sọ fún wọn pé kò sáyè, wọn ò gbọ́.

"Rímù yẹn ló wọ́," ni Muhydeen wí.

"Páálí mi dà, Alàájì?"

"Ẹ gbàgbé ọ̀rọ̀ páálí, Tíṣà."

Páálí ọ̀hún wà lábẹ́ ife tíì rẹ̀, ó ti rin gbingbin.

Ó gbé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ irin, ó fi lọ kálípà, iná ń ta pàrà. Kò tó. Ó wá kó wáṣà tó nípọn sẹ́yìn rímù, kí wọ́n lè tì í síta kúrò lára kálípà. Rímù wọlé wàyí. Ó na ọwọ́ sókè bí ẹni tó pa ẹkùn.

Nọ́ọ̀tì tó di rímù mú lèmi ń wò ní tèmi. Nígbà tí wọ́n ń tú wọn, mo kà á: ẹ̀ẹ̀mẹjọ ni ọ̀kọ̀ọ̀kan yí kó tó bọ́. Báyìí, ẹ̀ẹ̀mejì péré ló yí tó fi le. Wáṣà ti jẹ gbogbo àyè tó yẹ kó wọ̀.

"Alàájì, orí bóòtù lásán ni nọ́ọ̀tì yìí dì mú. Mi ò ní wọ̀ ọ́."

"Ta ló ní kí ẹ wọ̀ ọ́? Ẹ mú kọ́kọ́rọ́ wá. Màá wà á sọ̀kalẹ̀ láti Mápó, ẹ lọ dúró nísàlẹ̀ kí ẹ máa wòran."

Ó yẹ kí n kọ̀, mo fún un. Ìdí tí mo fi fún un ò sì dáa: mo fẹ́ kí ojú tì í lójú ọjà.

Mo dúró lápá Ọjà'ba. Ó yọ lókè, ọwọ́ kan lójú fèrèsé, Gàfárù lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń tẹ họ́ọ̀nù fún gbogbo ayé. Ó tẹ bíréèkì. Ká má parọ́, díìsìkì dì. Rímù òsì ni kò dì. Ó já, ó ṣáájú mọ́tọ̀, ó ń sáré bọ̀ bí ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́ kánjúkánjú, ó fo gọ́tà, ó kó sáàárín abọ́ rọ́bà tí obìnrin kan, Ràbíátù, ń tà. Mini fi imú gúnlẹ̀, ó ń ha títì títí ó fi dúró. Kò sẹ́ni tó fara pa, àlìhámúdùlílàhì. Ká ní ọmọdé kan ń kọjá ńkọ́? Èmi ni mo mú kọ́kọ́rọ́ fún un.

Muhydeen jáde. Kò wo mọ́tọ̀, kò wo Ràbíátù tó ń ṣa abọ́ kiri. Èmi ló dojú kọ.

"Ẹnu ẹ lo fi bà á jẹ́! Látìjọ́ tó o ti débẹ̀ lo ti ń ṣépè fún iṣẹ́ mi!"

Ọ̀wọ̀ ti já lẹ́nu rẹ̀.

"Alàájì, ẹnu mi kọ́ ló ń di nọ́ọ̀tì mú."

Mo bá Ràbíátù ṣa abọ́ rẹ̀, mo bẹ̀ ẹ́, mo sì ní kí wọ́n fi ọkọ̀ ńlá wọ́ Mini lọ sí Ògùnpa, lọ́dọ̀ Obed.

Mo ti dé ọ̀dọ̀ Obed rí. Òun ni mo kọ́kọ́ yà wò kí n tó lọ Bẹyẹrúnkà. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó máa fi ẹ̀rọ fá irin. Mo rí i pé wáyà ni wọ́n fi so sálúbàtà rẹ̀, mo gbọ́ bó ṣe ń kólòlò, mo ní lọ́kàn mi pé, "Èyí náà?" Mo wa mọ́tọ̀ mi lọ. Bí mo ṣe ń fi ojú tẹ́ńbẹ́lú Muhydeen tó, ẹ̀gàn tí mo kọ́kọ́ ṣe fún Obed ló jẹ́ kí n bọ́ sí i lọ́wọ́.

Obed ò bi mí léèrè ibi tí mo ti ń bọ̀. Ó wo abẹ́ mọ́tọ̀ fún ìgbà pípẹ́.

"Ẹ j-jẹ́ n kọ́kọ́ wọ̀n ọ́n, mà. Ó lè má ṣeé ṣe o."

Mo gé páálí mìíràn fún un. Ó fi sínú rímù, ó ń yí i díẹ̀díẹ̀, ó dúró lójú kan.

"Ibí há, mà. P-páálí yín tóbi."

Ó rí bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Irin rímù wú díẹ̀ níbi tí wọ́n ń gbà fẹ́ táyà, èmi tí mò ń pariwo ìwọ̀n ò rí i. Mo gba àlùmọ́gàjí, mo gé e kù.

Ó wá díìsìkì mọ́tọ̀ tó kéré, ó fá a kéré sí i, ó fi irin tó nípọn ṣe ohun tí kálípà máa dì mọ́. Ó ṣe àkọ́kọ́ tán, ó wò ó, ó jù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Kò w-wù mí," ló wí, ó bẹ̀rẹ̀ òmíràn. Kò sẹ́ni tó bá a wí. Lọ́sẹ̀ kẹta, ó gbé rímù, ó wọlé láìtì í. Páálí kan ń kọjá láàárín kálípà àti rímù, méjì ò gbà. Nọ́ọ̀tì yí lẹ́ẹ̀mẹjọ.

Mo gbé e lọ sórí òkè Mápó, mo sọ̀kalẹ̀, mo tẹ bíréèkì. Ó dúró síbi tí mo ní kó dúró. Mo gòkè padà, mo tún sọ̀kalẹ̀, lẹ́ẹ̀mẹrin. Kò sí ohun tí mò ń dán wò mọ́, ó kàn ń dùn mọ́ mi ni.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, lẹ́yìn ìrun, mo ń gba Bẹyẹrúnkà kọjá, ọkọ̀ dí lọ́nà, mo rọra ń fà. Muhydeen dúró pẹ̀lú ọ̀gbẹ́ni kan tó wa mọ́tọ̀ àtijọ́ kan wá. Ó nàka sí mi.

"Ṣé ẹ rí Mini yẹn? Iṣẹ́ ọwọ́ mi nìyẹn. Èmi ni mo gbé díìsìkì sẹ́yìn rímù kékeré yẹn. Ẹ bi Gàfárù."

Gàfárù, tó wà nínú mọ́tọ̀ lọ́jọ́ tí rímù já, mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

Mo dúró. Mo yọrí lójú fèrèsé.

"Ẹ káàsán, sà. Obed ló ṣe é, ní Ògùnpa. Ẹ béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ń ta irin, wọ́n á mú yín dé ibẹ̀."

Ọ̀gbẹ́ni náà wo Muhydeen, ó wò mí, ó sì nawọ́ gba kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ lọ́wọ́ Alàájì. Mi ò dúró gbọ́ ìyókù. Ọ̀nà ti là, àwọn ẹni ẹ̀yìn mi sì ń tẹ họ́ọ̀nù.