Ìró Ẹ̀yìn Ọkọ̀ Nọ́ọ̀sì Láwùmí

Àkànmú yí sítíárìn sápá òsì títí kò fi lè yí mọ́, ó rọra tẹ iná, ìró náà sì tún dún lábẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn: gù-gù-gù-gù, bí ìgbà tí wọ́n ń wọ́ àga ńlá lórí sìmẹ́ńtì. Ó jẹ́ kí ọkọ̀ lọ tààrà, ìró dákẹ́. Ó yí i sápá ọ̀tún, ìró tún dé. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ló yí po pápá tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Challenge kó tó pa ẹ́ńjìnnì.

"Dífáránṣà yìí ti kú, Màmá," ni ó wí. "Eyín gíà inú rẹ̀ ló ti jẹ tán. Ẹ jẹ́ n yọ ọ́, kí n fi òmíràn sí i."

Nọ́ọ̀sì Láwùmí tó ni ọkọ̀ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, báàgì iṣẹ́ rẹ̀ ní èjìká. Agbẹ̀bí ni, ilé ìgbẹ̀bí rẹ̀ wà ní Ring Road, òun ló sì gbẹ̀bí ọmọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí ìyàwó Àkànmú bí. Ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ ó máa ń wa Píjò yìí kọjá Ojóò, lọ sí àwọn abúlé tí kò ní dókítà, kó lè yẹ àwọn aboyún wò. Jímọ̀ ni ọjọ́ náà, òjò sì ti ń rọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀sẹ̀. Obìnrin kan wà lọ́hùn-ún tí oyún ìbejì rẹ̀ ti wọ oṣù kẹsàn-án. Nọ́ọ̀sì ti ṣèlérí fún un pé kí ilẹ̀ tó ṣú, òun á dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Àkànmú rò pé Nọ́ọ̀sì yóò ní kí òun tètè máa yọ ọ́. Kò sọ bẹ́ẹ̀. Ó ní òun ò fẹ́ òmíràn. Ó ní láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí Àkànmú ti yọ dífáránṣà tó fọ́, tó fi àlòkù yìí rọ́pò rẹ̀, ẹrẹ̀ ò mú òun mọ́ lọ́nà oko. Bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀, kò sí ọ̀sẹ̀ táwọn ọkùnrin abúlé kì í jáde wá ti òun.

Àkànmú rọra rẹ́rìn-ín. Dífáránṣà ni àpótí irin tó wà láàárín táyà ẹ̀yìn méjèèjì, tó ń pín agbára ẹ́ńjìnnì fún wọn. Ogún ọdún ló ti ń tú u, tó ń dì í. Ó mọ̀ pé bí ọkọ̀ bá bọ́ sínú ẹrẹ̀, táyà tó ń yọ̀ ni gbogbo agbára máa ń sá tọ̀ lọ, èkejì á sì dúró bí òkúta. Bí ọkọ̀ ṣe ń rì nìyẹn. Ó gbà pé orí ire ni Màmá ń bá rìn, kì í ṣe irin.

"Ṣé o gbọ́ ọ?" ni Nọ́ọ̀sì bi í.

"Gbogbo Challenge ló gbọ́ ọ, Màmá."

"Ariwo rẹ̀ lẹ gbọ́. Mo ní ṣé o gbọ́ ọ."

Obìnrin náà ṣí báàgì, ó mú fèrè igi kékeré kan jáde, irú èyí tí àwọn agbẹ̀bí máa ń gbé lé ikùn aboyún láti fi gbọ́ bí ọkàn ọmọ ṣe ń lù. Ó nà án sí i. Ojú ti Àkànmú, nítorí àwọn mẹ́káníìkì tó kù ti ń wò wọ́n, ṣùgbọ́n kò lè sọ fún ìyá yìí pé kó gbé fèrè rẹ̀ pa mọ́. Ó fi òkúta há táyà iwájú, ó yọ ọkọ̀ kúrò nínú gíà, ó fi jáàkì gbé ẹ̀yìn rẹ̀ sókè, ó sì ki igi bọ abẹ́ rẹ̀. Ó na ọwọ́ mú táyà ọ̀tún, ó yí i síwájú.

Táyà òsì náà yí síwájú.

Àkànmú dúró. Ó tún un yí, lọ́tẹ̀ yìí díẹ̀díẹ̀. Èkejì tẹ̀ lé e, síwájú, bí ẹni pé wọ́n jọ gbọ́ ìpè kan náà. Nínú gbogbo ọkọ̀ tó ti gbé sókè rí, bó bá yí táyà kan síwájú, sẹ́yìn ni èkejì ń yí. Ohun tí ọ̀gá rẹ̀ kọ́ ọ nìyẹn, ohun tí òun náà ń kọ́ àwọn ẹlòmíràn nìyẹn.

Ó sọ táyà òsì kalẹ̀ padà kí ilẹ̀ lè dì í mú, ó bẹ Wándé tó ń lẹ táyà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pé kó wá fi gbogbo agbára yí ti ọ̀tún. Ó wá tẹ́ páálí, ó wọ abẹ́ ọkọ̀, ó gbé ẹnu fèrè lé àpótí irin náà, ó sì fi etí sí i.

Kò gbọ́ eyín tó ń họ eyín. Ohun tó gbọ́ ń di ara rẹ̀ mú, ó ń jọ̀wọ́ ara rẹ̀, ó tún ń dì mú. Kò sí ìró irin tó fọ́ níbẹ̀. Ó di èémí rẹ̀ mọ́nú kó lè gbọ́ ọ dáadáa.

"Kí lo gbọ́?" ni Nọ́ọ̀sì béèrè lókè.

"Kò kú, Màmá."

Ó da ọ́ìlì inú rẹ̀ sínú abọ́, ó fi ìka wá a wò: kò sí èérún irin. Ó ṣí ìdérí rẹ̀. Eyín gíà ń dán. Ṣùgbọ́n ní àárín, níbi tí kò retí ohunkóhun, àwọn irin pẹlẹbẹ wà tí wọ́n tò léra wọn bí ojú ìwé, tí wọ́n fún ara wọn pinpin. Ó tẹjú mọ́ wọn títí ó fi yé e. Àwọn irin yìí ló so táyà méjèèjì pọ̀, tí ọ̀kan kò fi lè fi èkejì sílẹ̀ nínú ẹrẹ̀. Bí ọkọ̀ bá sì ń yí kọ́nà, tí táyà ìta ní láti sáré ju tinú lọ, wọ́n gbọ́dọ̀ yọ̀ lórí ara wọn jẹ́jẹ́. Wọn kò rí ohun tí wọ́n máa fi yọ̀ ni wọ́n ṣe ń pariwo.

Ó fi àkísà nu amọ̀ ara àpótí náà. Páànù tín-ín-rín kan yọ lábẹ́ amọ̀, ọ̀rọ̀ wà lára rẹ̀. Nọ́ọ̀sì wọ awò ojú rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀, ó sì kà á: ọ́ìlì tí wọ́n ṣe fún irú rẹ̀ nìkan ni kí wọ́n máa dà sí i.

Ẹ̀rín ti kúrò lójú Àkànmú. "Èmi ni mo da ọ́ìlì lásán sí i," ni ó wí. "Èmi gan-an ni mo fa ariwo yìí."

Nọ́ọ̀sì wo aago ọwọ́ rẹ̀, ó ní kó lọ wá èyí tó tọ́ wá.

Wándé fi alùpùpù gbé e lọ sí Dùgbẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù kẹrin ni wọ́n ti rí ọ́ìlì náà. Nígbà tí Àkànmú dà á sí i tán, ó wa ọkọ̀ náà yípo pápá. Ìyípo kìíní, ìró náà ṣì wà. Ní ìkẹta ó ti rẹlẹ̀. Ní ìkẹjọ, òkúta wẹẹrẹ tó ń fọ́ lábẹ́ táyà nìkan ló ń gbọ́.

Ó sọ fún Nọ́ọ̀sì pé òun á bá a lọ, kí òun lè máa gbọ́ ọkọ̀ náà lójú ọ̀nà. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni òtítọ́: ó fẹ́ fi ojú ara rẹ̀ rí ohun tí táyà méjèèjì máa ṣe nínú ẹrẹ̀. Nígbà tí wọ́n kọjá Ojóò, tí wọ́n yà sí ọ̀nà oko, tí wọ́n dé ibi tí odò kékeré ti gba ìsàlẹ̀ òkè kan, ó ní kó dúró kí òun bọ́ sílẹ̀.

Ó dúró lẹ́yìn ọkọ̀. Táyà òsì rì sínú kòtò omi, ó yí lásán, ẹrẹ̀ fọ́n sí i láyà. Lẹ́yìn náà ti ọ̀tún gbá ilẹ̀ mú. Méjèèjì jọ ń yí, ọkọ̀ sì ń gun òkè náà lọ, díẹ̀díẹ̀, láìsí ẹnì kan tó tì í.

Nọ́ọ̀sì dúró lókè, ó fọn fèrè ọkọ̀ pè é. Àkànmú kò tíì kúrò lójú kan. Ipa táyà méjì wà níwájú rẹ̀, omi ń ṣàn wọ inú wọn, ipa òsì jìn tó ipa ọ̀tún. Ó ń ronú àwọn dífáránṣà tó ti kó fún àwọn tó ń ra irin àlòkù láti ogún ọdún, gbogbo èyí tó pè lókùú, kò sì rántí ẹyọ kan tó fi etí sí nínú wọn.

Ó ṣí fìlà rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí gun òkè náà.