Okùn Tí Abẹ Kò Gé

Ọ̀rọ̀ ìhanrun ló dá ìjà sílẹ̀. Ìyàwó ní ọkọ òun ń hanrun bí ẹ̀rọ ìlọta. Ọkọ, tó jẹ́ onígbàjámọ̀, ní irọ́ ni, pé òun sùn mọ́jú, òun ò gbọ́ nǹkan kan.

"Ẹni tó sùn ló ń jẹ́rìí!" Obìnrin náà bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn dun ọkùnrin náà ju ẹ̀sùn lọ.

"Mò ń lọ sílé àbúrò mi. Bá mi di ẹrù mi!"

Ibi tí wọ́n ti ń di ẹrù fún ọkọ̀ ni obìnrin yìí ti ń ṣiṣẹ́ adìpọ̀. Kò-ṣeé-tú ni wọ́n ń pè é níbẹ̀. Kò bẹ̀bẹ̀, kò sunkún. Ó wọ yàrá, ó ti ilẹ̀kùn, ó sì wọ́ ìdìpọ̀ ńlá kan jáde tó ti fi aṣọ ibùsùn wé. Ó fi okùn yí i ká, ó ta ẹnu okùn ní kókó kékeré mọ́ ara okùn, ó wá fa èyí tó gùn. Kókó náà sáré lọ, ó bu ẹrù jẹ, ó dúró.

"Ẹ fà á wò, Bàbá wọn."

Ó fà á. Ó le sí i.

"Bó ṣe ń ṣe nìyẹn."

Ọkùnrin náà gbé ẹrù lé èjìká, ó há àpótí abẹ rẹ̀ mọ́ abíyá. Ó ń rìn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ kí wọ́n lè rí i pè padà. Kò sẹ́ni tó pè é.

Nílé àbúrò, aṣọ àwọ̀sùn di wàhálà. Ó fa okùn, àbúrò fẹsẹ̀ tẹ ẹrù, òun náà fà á. Ẹrù fún láàárín bí ìbàdí agbọ́n, kókó ò mira. Ìyàwó àbúrò mú ọ̀bẹ wá.

"Ọ̀bẹ kẹ̀? A kì í gé okùn àwọn adìpọ̀. Wọ́n á tún un lò."

"Ẹ̀gbọ́n wa, ṣé ẹ̀yin náà ti di adìpọ̀ ni?"

"Mo fẹ́ ọ̀kan!"

Ìyàwó àbúrò wo àpótí abẹ tó wà lórí tábìlì, ó wo ojú ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀, ó sì dá ọ̀bẹ padà. "Òótọ́ ni, sà. Okùn yìí le."

Òótọ́ ibẹ̀ ni pé bí wọ́n bá tú ẹrù, aṣọ á wọ kọ́bọ́ọ̀dù. Bí aṣọ bá sì ti wọ kọ́bọ́ọ̀dù, ọkùnrin náà di ará ilé àbúrò rẹ̀ nìyẹn. Ẹni tí ẹrù rẹ̀ ṣì wà ní dídì, àlejò ni. Àlejò sì lè máa lọ sílé. Ó wọ aṣọ ọ̀sán sùn.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó gbé ẹrù padà.

"Kí o bá mi tú u ni mo bá wá o. Mi ò bá tìjà wá."

"Ẹ ò gé e?"

"Abẹ mi kú."

"Gbogbo wọn?"

"Àjàkálẹ̀ àrùn ni."

Ìyàwó ò rẹ́rìn-ín. Ó fi àtàǹpàkò ti orí kókó. "Fífà lẹ̀ ń fà á. Ẹ sún okùn mọ́ ẹrù, ọrùn ẹ̀ á dẹ̀." Kókó dẹ̀. Ẹrù ṣí.

Kọ́tìnì àtijọ́ ló wà níbẹ̀, àti àwọn àpò òfìfo láti ibi iṣẹ́. Kò sí ṣẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo.

"Aṣọ mi dà?"

"Wọ́n wà níbi tí wọ́n máa ń wà."

"Tí mo bá ti gé e ńkọ́?"

"Ẹ máa padà wá bèèrè aṣọ yín náà ni. Ọ̀nà méjèèjì, ilé lẹ̀ ń bọ̀."

Ó la ẹnu kó bínú, kò rí ìbínú náà mú. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ká kọ́tìnì.

Obìnrin náà ń ká okùn mọ́ ìgúnpá. "Ìyàwó àbúrò yín pè mí láàárọ̀. Wọn ò fojú kan oorun lóru."

"Ó ní kí ni?"

"Ó ní ṣé n ò lè ta kókó yẹn mọ́ imú yín."