Okùn tí Ìbítóyè Lọ́

Ẹni tó bá rí Ìbítóyè lọ́dún 1954, níbi tó jókòó sí lórí bẹ́ńṣì ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn tísà ní Kábà, láàárín àwọn ọmọkùnrin tí irùngbọ̀n kò tíì hù, á rò pé bàbá ẹnìkan ló wá wo ọmọ rẹ̀. Ọkùnrin ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n! Ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún kò ṣe é ká sábẹ́ tábìlì, ojú ọ̀nà ló ń nà án sí, àwọn ọmọ á sì máa fò ó kọjá bí ẹni ń fo gbòǹgbò igi. Ìlú sì rí i fi ṣe yẹ̀yẹ́.

Ìlú yìí kan náà ni o! Nígbà tó ń gbá bọ́ọ̀lù fún ilé-iṣẹ́ ìwakùsà ní Jọ́ọ̀sì, tó bá wálé Kérésì, ọrùn ni wọ́n ń gbé e kọ́. Ẹsẹ̀ Wúrà ni wọ́n ń pè é. Ẹni tí kò fojú kan bọ́ọ̀lù rí á ní òun lòun kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń gbá a. Ó wá padà dé, wọ́n ní, "Ẹsẹ̀ ti tán, ó wá ń wá orí." Ọjọ́ ikú erin là ń rí oríṣiríṣi ọ̀bẹ, àmọ́ ní tiwa, àwọn tó ti ń gun erin náà lẹ́yìn ni wọ́n kọ́kọ́ yọ ọ̀bẹ jáde. Wọn ò tijú.

Ìbítóyè náà kò kúkú sòótọ́. Ó ní, "Bọ́ọ̀lù ló sú mi, ìwé ló wù mí." Irọ́ ńlá. Ní Kàdúná ni wọ́n ti fọ́ ọ lórúnkún lójú pápá, lẹ́tà ìdágbére ilé-iṣẹ́ sì ti dé kí wọ́n tó tú báńdéèjì. Látìgbà náà, ṣòkòtò gígùn ló ń wọ̀, ìbáà jẹ́ lóko nínú oòrùn. Rhoda ìyàwó rẹ̀ nìkan ló mọ bí orúnkún náà ṣe rí.

Ohun tó sì ń dùn ún ju orúnkún lọ ni pé ọdún mẹ́sàn-án tó lò ní Jọ́ọ̀sì, akọ̀wé ni wọ́n pè é nínú ìwé, kò sì fọwọ́ kan gègé. Ó ní tábìlì. Bàtà bọ́ọ̀lù ló wà lórí ẹ̀. Bó bá ní kóun ran ẹnìkan lọ́wọ́, ọ̀gá á rẹ́rìn-ín, á ní, "Lọ sinmi ẹsẹ̀ rẹ." Ìdí nìyẹn tó fi fẹ́ ìwé ẹ̀rí tísà yìí bí ẹní fẹ́ omi mu. Ó fẹ́ nǹkan kan ṣoṣo láyé tí ẹnikẹ́ni kò ní lè sọ pé ẹsẹ̀ ló gbà á fún un. Ọ̀gá kọ́lẹ́ẹ̀jì sì ti sọ fún un pé ẹ̀ẹ̀kan péré ni yóò ṣe ìdánwò ìkọ́ni. Bó bá fìdí rẹmi, ilé yá.

Ta wá ni olùkọ́ tó wà nídìí ìdánwò náà? Lájídé. Lájídé tí òun àti Ìbítóyè jọ jókòó lórí bẹ́ńṣì kan náà nílé ìwé kí Ìbítóyè tó bá bọ́ọ̀lù lọ! Ọdún méjì péré ni Lájídé lò ní Ìbàdàn, ó dé, ó ní òun kò gbọ́ ohun tí ìyá òun ń sọ mọ́. Ọmọ kọ́lẹ́ẹ̀jì tó bá kí i ní "okun", bí gbogbo wa ṣe ń kíra láti ọjọ́ aláyé ti dáyé, koríko ni yóò ro. "Ẹ káàárọ̀ ni wọ́n ń sọ, ará oko!" Àmì orí ọ̀rọ̀ wá ńkọ́? Bó o bá gbàgbé ẹyọ kan, á yọ máàkì, á tún fi ọ́ ṣẹ̀sín lójú gbogbo kíláàsì. Ìbítóyè ń pè é ní sà, ó ń fi "ẹ" bá a sọ̀rọ̀. Lájídé á dáhùn pé, "Ìwọ Ẹsẹ̀, dìde kà á."

Nígbà tí ìdánwò kù ọ̀sẹ̀ kan, Lájídé ju pélébé ìwé kan sí i. Ohun tó wà níbẹ̀ ni: Ile-iwe Iyamoye, kilaasi kẹta, Ọjọbọ, aago mẹwaa. Iṣẹ: Okun.

Inú Ìbítóyè dùn. Òkun kẹ̀! Ta ló rí òkun ní Kábà bí kò ṣe òun tó ti gbá bọ́ọ̀lù dé Èkó? Ó ra iyọ̀, ó fi ìwé ṣe ọkọ̀ ojú omi, ó yá ọpọ́n ńlá Rhoda. Lọ́jọ́ náà, ó bomi kún ọpọ́n, ó tẹ́ ẹ síwájú kíláàsì. Lájídé jókòó lẹ́yìn pẹ̀lú Ọ̀gbẹ́ni Ọláníran, ìnsípẹ́kítọ̀ tó ti Ìlọrin wá. Ìbítóyè fi ṣọ́ọ̀kì kọ OKUN gàdàgbà sójú pátákó bó ṣe rí i nínú ìwé, ó sì yíjú sáwọn ọmọ.

Gbogbo wọn dìde lẹ́ẹ̀kan náà. "Okun o, tísà!"

Wọ́n rò pé ó kí wọn ni. Wọ́n jókòó, wọ́n ń retí kó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Lájídé fò dìde. "Kí la fẹ́ fi omi ṣe? Iṣẹ́ ọwọ́ ni iṣẹ́ yìí! Okùn! Okùn ni mo ní kó o kọ́ wọn. Ẹ wò ó, sà, àwọn ọmọ ti mú ìko wá. Ẹni tó ń fẹsẹ̀ ronú nìyí."

Lóòótọ́, ìdì ìko tí wọ́n bó lára ewé ògùrọ̀ wà lábẹ́ tábìlì ọmọ kọ̀ọ̀kan. Ìbítóyè tọwọ́ bọ àpò. Ó mú pélébé ìwé náà fún ìnsípẹ́kítọ̀. Ọkùnrin náà kà á, ó yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì.

"Ọ̀gbẹ́ni Lájídé, àmì dà?"

"Ìkánjú ni, sà."

"Mo rí i. Àwọn ọmọ yìí nìkan ló ka ohun tẹ́ ẹ kọ bó ṣe wà." Ó yíjú sí Ìbítóyè. "Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọwọ́ ló wà lórí ìwé tèmi. Ṣé o lè kọ́ wọn, àbí kí n kọ òdo?"

Ta ni kò lè lọ́ okùn nínú ọmọ àgbẹ̀? Ibi tí wàhálà wà ni pé ìko kì í lọ́ lórí aṣọ. Itan ọ̀tún lásán tó tutù ni wọ́n ń lọ́ ọ lé. Ìbítóyè wo ẹnu ṣòkòtò rẹ̀. Ó wo Lájídé. Inú bí i débi pé ó fẹ́ sunkún. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ká ṣòkòtò náà sókè títí dé ìdí itan.

Orúnkún náà wú, ó wọ́, ojú ọgbẹ́ rẹ̀ kún fún kókó. Àwọn ọmọ na ọrùn wò ó. Ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Àsíyátù bi í pé, "Tísà, ṣó ń dùn yín?"

"Ó ń dùn mí. Ẹ mú ìko yín."

Omi tó yẹ kó jẹ́ òkun ni wọ́n fi rẹ ìko. Ó jókòó sórí àpótí, ó kọ́ wọn: ẹ pín in sí méjì, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ yí méjèèjì síwájú lórí itan, ẹ wá jẹ́ kí wọ́n lọ́ mọ́ra padà sẹ́yìn. "Bẹ́ ẹ bá lọ́ gbogbo ẹ̀ sí ọ̀nà kan náà, tẹ́ ẹ bá fi sílẹ̀, á tú. Jẹ̀mílà, tú u, tún un ṣe. Ọmọ́ṣọlá, ìko lò ń lọ́, o ò fọṣọ!" Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ó gbàgbé orúnkún. Ó gbàgbé Lájídé pàápàá. Kí aago tó lù, ogójì ọmọ ló ní okùn lọ́wọ́, tirẹ̀ sì gùn ju tábìlì lọ.

Ìnsípẹ́kítọ̀ sún mọ́ ọn. Orúnkún ló ń wò.

"Àbí ìwọ ni Ẹsẹ̀ Wúrà? Mo wà ní Kàdúná lọ́jọ́ tí wọ́n ṣe ọ́ báyìí! Omi bọ́ lójú mi lọ́jọ́ náà. Áà, ẹsẹ̀ yìí!" Ó yọ gègé, ó kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé ó yege, kò wo okùn kankan. "Ó parí. Lọ kí ìyàwó rẹ kú oríire."

Lájídé fimú rẹ́rìn-ín. "Mo mọ̀. Ẹsẹ̀ náà ni yóò tún gbà á fún un."

Ọ̀rọ̀ náà wọ Ìbítóyè lára ju tàpá Kàdúná lọ. Ohun tó ń wá rèé, ó ti wà nínú ìwé, ẹ̀yìn ló kàn kó yí kó máa lọ. Ta ni yóò bá a wí? Ẹlòmíràn á dúpẹ́, á dọ̀bálẹ̀.

Ó na okùn náà sí ìnsípẹ́kítọ̀. "Sà, ẹ ò tíì wò ó."

"Mo ní o ti yege."

"Mo gbọ́, sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa ohun tẹ́ ẹ kọ rẹ́." Ó fi orí kan lé ìnsípẹ́kítọ̀ lọ́wọ́, ó sì na orí kejì sí Lájídé, ẹni tí kò mọ ìgbà tó gbà á. "Ẹ fà á. Bó bá já, kí ẹ kọ òdo."

Wọ́n rọra fà á, bí ẹní ń bọwọ́ àlejò.

"Ẹ fà á gidi, sà!"

Wọ́n fà á. Bàtà Lájídé yọ̀ nínú omi, ó fi ìdí jókòó, àwọn ọmọ hó yèè, okùn náà kò sì já. Ìbítóyè kò rẹ́rìn-ín. Ó mú gègé tó bọ́ sílẹ̀ lọ́wọ́ ìnsípẹ́kítọ̀ nígbà tí wọ́n ń fa okùn, ó nù ún, ó dá a padà fún un.

"Ẹ wá tún un kọ, sà."