Obì Ọ̀sán Ààwẹ̀

Nígbà tí wọ́n ń gbé àpótí ọtí ṣínáàpù kan sẹ́yìn ọkọ̀, Ṣítù rí i. Ìgò onígun mẹ́rin méjìlá ni, wọ́n fi koríko gbígbẹ há wọn láàárín ara wọn kí wọ́n má baà fọ́. Ààwẹ̀ ti pé ọjọ́ mẹ́sàn-án lọ́jọ́ náà. Òun fúnra rẹ̀ kò tíì fi omi kan ẹnu láti ìdájí. Ilé Àlàájì Ọ̀ṣẹ́nì ní Múṣin ni wọ́n sì ń gbé ọtí lọ. Ó la ẹnu, ó tún pa á dé.

Lẹ́tà kan ló pa á lẹ́nu dé. Ó wà nínú àpò kóòtù Ọ̀gbẹ́ni Gbádé Adéníran, alága ìgbìmọ̀ ìlú, tó tún ń wá ìbò. Láti ọdún méjì ni Ṣítù ti ń ṣe ògbufọ̀ onígbà díẹ̀ fún ìgbìmọ̀ náà, irú èyí tí wọ́n lè lé lọ láàárọ̀ láìsọ ìdí. Lẹ́tà yìí ni yóò fi í sẹ́nu iṣẹ́ gidi, ìfọwọ́sí alága nìkan ló sì kù.

"Tá a bá ti Múṣin dé, màá fọwọ́ sí i," alága ti wí.

Àwọn tó rò pé ẹnu dídùn nìkan ni wọ́n fi ń ṣe ògbufọ̀ kò mọ ohun tí Ṣítù fojú rí. Ọdún mẹ́fà àti oṣù mẹ́rin ló fi ru èédú fún rélùwéè ní Èbúté Mẹ́tta lọ́sàn-án, tó sì fẹsẹ̀ rìn lọ sílé ìwé alẹ́ ní Yábà. Ó rántí ọjọ́ tí ajá bù ú jẹ ní Ojúẹlẹ́gba. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni, ẹsẹ̀ òsì ni, bí a ṣe ń kọ lẹ́tà sí ọ̀gá ni wọ́n sì ń kọ́ lálẹ́ ọjọ́ náà. Ó fi àkísà di ojú ọgbẹ́, ó jókòó, ó kọ́ ọ tán. Ó rántí oṣù mẹ́ta tó fi gààrí nìkan gbéra ró. Ó rántí olùkọ́ tó ní kó jáde lọ fọ èékánná rẹ̀, tí èédú kò sì jáde níbẹ̀ bó ti wù kó fọ̀ ọ́ tó. Nítorí náà, ó wọ iwájú ọkọ̀, ó jókòó ti dírẹ́bà, ó wo ọ̀ọ́kán.

Òyìnbó kan wà lẹ́yìn pẹ̀lú alága, Mísítà Pátínsìn lorúkọ rẹ̀. Ilé iṣẹ́ rẹ̀ ń wá ilẹ̀ tí wọn yóò kọ́ ilé ìhunṣọ sí, ilẹ̀ ìdílé Àlàájì Ọ̀ṣẹ́nì ló sì wù wọ́n. Ní Lọ́ńdọ̀nù ló ti pàdé alága. Alága lọ síbẹ̀ lọ́dún tó kọjá, wọ́n gbà á ní gbọ̀ngàn ńlá kan, ó sì bá wọn sọ̀rọ̀ lórí bí òyìnbó ṣe lè bá aláwọ̀ dúdú dòwò pọ̀ láìjà. Ó ní, "Nílẹ̀ wa, tí wọ́n bá ti pa obì fún yín, tí baba ilé jẹ níbẹ̀, tí ẹ̀yin náà jẹ, ọ̀rọ̀ ti bùṣe. Ìwé tí ẹ máa kọ lẹ́yìn ìyẹn, ẹ̀yin lẹ nílò rẹ̀, àwa kọ́." Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Pátínsìn wà nínú gbọ̀ngàn náà, ó kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀.

Nígbà tí wọ́n yà sí Múṣin, alága na ọwọ́, ó fọwọ́ tọ́ Ṣítù léjìká.

"Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni màá sọ níbẹ̀. Mi ò fẹ́ kí àlejò rò pé à ń gbìmọ̀ pọ̀ lẹ́yìn òun. Ìwọ ni kó o máa túmọ̀ gbogbo rẹ̀."

Ṣítù yíjú sẹ́yìn. "Títí kan tiyín, sà? Kí n máa túmọ̀ ọ̀rọ̀ ẹ̀yin náà fún Àlàájì?"

"Ṣé iṣẹ́ tí wọ́n gbà ọ́ fún ni pé kó o máa bi mí léèrè ọ̀rọ̀?"

"Rárá o, sà."

Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni Àlàájì ti gbà wọ́n, lórí ẹní, pẹ̀lú tẹ̀súbáà lọ́wọ́. Bàbá náà ti lé ní àádọ́rin ọdún, ààwẹ̀ sì ti fa ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wọlé. Àbúrò rẹ̀ Mùktárù, káfíńtà, ọkùnrin tí ẹnu rẹ̀ mú ju ayùn rẹ̀ lọ, dúró ti òpó. Alága jókòó sórí àga, ó na ẹsẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi Gẹ̀ẹ́sì kí wọn. Ṣítù túmọ̀ ìkíni.

Mùktárù wo alága látòkè délẹ̀. "Ẹ dákun, ṣé kì í ṣe Gbádé tí ìyá ẹ̀ ń ta àdí l'Ọ́yìngbò nìyí? Ìgbà wo ni Yorùbá tán lẹ́nu ẹ̀? Àbí inú òkun ló já bọ́ sí nígbà tó ń bọ̀?"

Pátínsìn bi Ṣítù léèrè ohun tó wí.

"Ó ní àwọn mọ ìyá alága dáadáa," Ṣítù dáhùn ní Gẹ̀ẹ́sì.

Òyìnbó mi orí, inú rẹ̀ dùn. Bí Ṣítù ṣe máa ń ṣe é nìyẹn láti ọdún méjì. Ó máa ń họ ọ̀rọ̀ bí ẹni ń họ ìpẹ́ ẹja, kó tó gbé e síwájú ẹni tó máa jẹ ẹ́.

Ìgbà náà ni dírẹ́bà gbé àpótí wọlé, ó gbé e kalẹ̀ síwájú ẹní. Mùktárù bẹ̀rẹ̀, ó fa ìgò kan yọ nínú koríko.

"Ọtí! Lááìláà! Ọtí ni wọ́n gbé wá bá Àlàájì nínú Ràmàdánì!"

"Fi sílẹ̀," Àlàájì wí.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò rí i ni?"

"Mo ní fi sílẹ̀. Gbé e síta, kó má kan ẹní mi." Ó yí tẹ̀súbáà lọ́wọ́ fún ìgbà díẹ̀, ó sì wo òyìnbó. "Èyí tó ti òkè òkun wá, kò mọ̀. A kì í jẹ́ kí àlejò lọ lẹ́nu gbígbẹ. Ẹ mú obì wá."

Mùktárù gbé àpótí síta, wọ́n sì mú obì wá nínú àwo. Àlàájì pa á, ó fi ọwọ́ ọ̀tún mú awẹ́ kan, ó na án sí òyìnbó. Alága tẹ̀ sí àlejò rẹ̀ létí, ojú rẹ̀ ń dán. "Ó parí náà nìyẹn," ló wí ní Gẹ̀ẹ́sì. Òyìnbó fi obì sẹ́nu. Ojú rẹ̀ fún pọ̀, ṣùgbọ́n ó jẹ ẹ́. Ó fa ìwé kan yọ nínú báàgì rẹ̀, ó tẹ́ ẹ sórí itan, pẹ̀lú agolo tàdáwà kékeré tí Àlàájì yóò ti ìka bọ̀. Lẹ́yìn náà ó wo àwo obì, ó tún wo ẹnu Àlàájì.

"Bàbá ò tíì jẹ," ó wí fún alága. "Ẹ sọ fún wa ní Lọ́ńdọ̀nù pé baba ilé gbọ́dọ̀ jẹ níbẹ̀. Kí ló dé tí kò jẹ?"

Alága kọjú sí Ṣítù. Ara rẹ̀ kò balẹ̀ mọ́, ó fi Gẹ̀ẹ́sì sọ ọ́ sí i létí kí àlejò má baà gbọ́. "Sọ fún un pé kó jẹ díẹ̀. Kó fi eyín kàn án lásán. Ta ni yóò mọ̀?"

Gbogbo ojú wà lára Ṣítù. Ó wá ibi tó máa ti họ ọ̀rọ̀ yìí, kò rí. Ọ̀rọ̀ náà kò ní ìpẹ́, egungun ni látòkè délẹ̀. Ó rò ó pé kí òun wí fún òyìnbó pé eyín ló ń dun Àlàájì. Irọ́ kékeré ni. Alága á dúpẹ́, ìwé á di títẹ̀, lẹ́tà á di fífọwọ́sí. Ó wo ìwé tó wà lórí itan òyìnbó. Ó wo àtàǹpàkò Àlàájì tó ń ti ìlẹ̀kẹ̀ tẹ̀súbáà lọ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ó kọjú sí òyìnbó, ó sì sọ Gẹ̀ẹ́sì tó fi ọdún mẹ́fà àti oṣù mẹ́rin kọ́. "Àlàájì ń gbààwẹ̀, sà. Kò lè jẹ nǹkan kan títí oòrùn yóò fi wọ̀. Obì tí ẹ jẹ yẹn, obì àlejò ni, wọ́n fi kí yín káàbọ̀ ni. Obì ilẹ̀ yàtọ̀. Ẹni tó ń tọrọ ilẹ̀ ló ń gbé e wá, gbogbo ìdílé ló sì ń jẹ ẹ́, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti fohùn ṣọ̀kan. Ẹnikẹ́ni ò tíì fi ilẹ̀ fún yín."

Òyìnbó nawọ́ sí ìta. "Ọtí yẹn ńkọ́?"

"Èèwọ̀ ni nínú ilé yìí, sà."

Pátínsìn yọ áńkáṣífì, ó tu obì tó kù lẹ́nu rẹ̀ sínú rẹ̀, ó ká a. Ó dá ìwé àti tàdáwà padà sínú báàgì. Kò gbé ohùn sókè nígbà tó bá alága sọ̀rọ̀. "Ilé iṣẹ́ wa ló sanwó gbọ̀ngàn yẹn. Ẹ wá kọ́ wa ní àṣà tí ẹ̀yin fúnra yín ò mọ̀." Ó dìde, ó lọ jókòó sínú ọkọ̀.

Alága fò dìde. "Ìwọ eléèédú yìí! Ta ló bi ẹ́? Mo ní ta ló bi ẹ́ ní nǹkan kan?"

Mùktárù pàtẹ́wọ́. "Háà! Yorùbá ti dé padà! Ẹ kú àbọ̀ o, ẹ kú ewu òkun!"

Alága sáré jáde lọ bá àlejò rẹ̀. Ọkọ̀ gbéra, eruku sọ. Wọ́n gbàgbé Ṣítù, wọ́n gbàgbé àpótí.

Ṣítù rò pé wọn yóò dúpẹ́ lọ́wọ́ òun. Ó dọ̀bálẹ̀ síwájú ẹní, ó dárúkọ ara rẹ̀, ó sọ gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ fún Àlàájì, kò họ ìpẹ́ kan níbẹ̀. Bàbá náà gbọ́ ọ tán.

"Ṣé o ń gbààwẹ̀?"

"Mò ń gbà á, Bàbá."

"Ṣítù lorúkọ ẹ. Ọmọ wa ni ẹ́."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"Nígbà tí wọ́n ń gbé ọtí yẹn sínú ọkọ̀, níbo lo wà?"

Ṣítù kò gbé orí sókè.

"Mo ní níbo lo wà?"

"Mo wà níbẹ̀, Bàbá."

"O rí i."

"Mo rí i."

"O mọ oṣù tá a wà, o sì mọ ilé tí wọ́n ń gbé e bọ̀. O bá wọn jókòó sínú ọkọ̀, ìwọ àtọtí, títí dé ẹnu ọ̀nà mi. Àjèjì ò mọ̀. Gbádé gbàgbé. Ìwọ ńkọ́?"

"Mo ní lẹ́tà kan lọ́wọ́ alága, Bàbá. Iṣẹ́ mi..."

"Iṣẹ́ ẹ!" Mùktárù tutọ́ síta. "Ó fi ẹ̀sìn wa ra iṣẹ́ fún ara ẹ̀."

Àlàájì na tẹ̀súbáà sí ẹnu ọ̀nà. "Ẹni tó bá wọn dé ló máa ru ẹrù wọn padà. Gbé e. Sọ fún Gbádé pé ẹni tí kò lè fi ẹnu ara rẹ̀ kí wa kò lè joyè lé wa lórí. Kò sí ìbò fún un nílé yìí, láti orí èmi dórí ọmọ tí wọ́n ń pọ̀n. Ìwọ náà, tó o bá dé ọ̀hún, má padà síbí."

Ṣítù fi fìlà rẹ̀ ṣe òṣùká, ó gbé àpótí rù. Ó ti ru èédú tó wúwo ju bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń wo ẹni tó ru èédú. Ní Ìdí-Òrò, àwọn ọkùnrin tó ń ṣe àlùwàlá dúró wò ó. Ọ̀kan ní, "Ṣé o ò mọ oṣù tá a wà ni?" Èkejì ní, "Fi í sílẹ̀, jàre. Kèfèrí ni." Kí ó tó dé Ojúẹlẹ́gba, ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ òkúta, ìgò kan fọ́ nínú koríko. Ọtí bẹ̀rẹ̀ sí í kán sí i lórí, ó ṣàn gba ẹ̀yìn etí rẹ̀, ó wọ ọrùn ẹ̀wù rẹ̀. Ó pa ẹnu rẹ̀ dé pinpin kí ó má baà wọ ibẹ̀.

Alága wà lórí ìjókòó lọ́ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé rẹ̀ ní Yábà. Ṣítù sọ àpótí kalẹ̀ síwájú rẹ̀.

"Kí ni bàbá yẹn wí?"

Lọ́jọ́ mìíràn, Ṣítù ìbá ti mọ ohun tó máa họ kúrò níbẹ̀. Ó sọ ọ́ bí wọ́n ṣe sọ ọ́, títí dórí ọmọ tí wọ́n ń pọ̀n. Alága dìde lórí ìjókòó. Ó fa lẹ́tà yọ nínú àpò kóòtù, ó fà á ya sí méjì, ó sì fi méjèèjì sórí àpótí ọtí, níbi tí ọtí ti rin ín.

"Ògbufọ̀ kì í ní ẹnu tirẹ̀," ó wí. "Ìwọ ní. Máa gbé e kiri."

Ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn.

Ìpè ìrun mọ̀gáríbì ń ké lọ́nà jíjìn nígbà tí Ṣítù dé ìdí ẹ̀rọ omi tó wà ní ìkòríta. Àwọn obìnrin mẹ́rin to ìkòkò síbẹ̀. Ó to sẹ́yìn wọn. Èyí tó súnmọ́ ọn jù fa imú, ó yíjú wò ó.

"Ẹ wò ó! Ọtí ló ń rùn báyìí, lásìkò ìṣínu! Ọ̀gbẹ́ni, ojú ò tì yín?"

"Ẹ jẹ́ kó tò," èkejì wí. "Omi ò mọ ọ̀mùtí."

Ṣítù mọ bó ṣe lè dá wọn lóhùn. Ó lè fi Yorùbá sọ ọ́, ó lè fi Gẹ̀ẹ́sì sọ ọ́. Ó dúró títí ó fi kàn án, ó bẹ̀rẹ̀, ó fi ọwọ́ ọ̀tún bu omi, ó ní Bísímílááhì nínú ọkàn rẹ̀, ó sì mu ún.